A Kì Í Fi Àdúrà Halẹ̀ Mọ́ Aládùúrà

Okitipupa, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Orí mi ṣì ń wú. Nínú ọkọ̀ òfurufú tó gbé wa láti Àbújá wá sí Àkúrẹ́ lónìí, ọkùnrin tó jókòó tì mí rí aṣọ àdúrà funfun tí mo gbé lé itan. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin Aládùúrà ò mọ Jésù o."

Mo wo ojú fèrèsé. Kò dákẹ́. Ìjọ tí ìyá mi ti ń gbààwẹ̀ nítorí mi kí n tó mọ̀ ọ́n rìn!

Nígbà tó wá ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní, "Ẹ dijú. Màá bẹ̀rẹ̀."

Mo gbàdúrà fún àwọn òbí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, títí dórí ẹni tó ń wa ọkọ̀... Bó bá ti fẹ́ ṣe àmín, mo tún gbé òmíràn. Òun ló ṣáà ní ká gbàdúrà. Kí ọkọ̀ tó balẹ̀, ó ti sùn lọ.

Mo pe ìyá mi ní Erinje, mo ròyìn fún wọn pé àdúrà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Mo rò pé wọn yóò yìn mí.

"Wákàtí kan péré?" ni wọ́n wí. "Ṣé ara rẹ ò yá ni?"