Ẹni Tó Tú Rédíétọ̀ Ọkọ̀ Bàbá Mi

Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo kí Fúnmi, àbúrò mi, mo kí gbogbo ará ilé ní Atikórí àti gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń ka lẹ́tà ọmọ yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí ayé máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa. Ṣùgbọ́n gbangba ni a ti pe ọmọ ọlọ́mọ lólè, gbangba náà ni kí ojú ti tì mí. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó tì wọ́n.

Ara mi le, bí ara ṣe lè le ní ibi tí mo wà yìí. Òtútù ibí kì í ṣe irú ọyẹ́ tiwa tí ènìyàn máa fi ìpara lé lọ. Inú eegun ló ń wọ̀. Ìlú kékeré ni, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù, ilẹ̀ ti ṣú. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ń gbé, mo sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìgbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Wálì ni wọ́n ń pè mí. Fúnmi sọ pé Màmá ní mo ti ń háwọ́ jù látìgbà tí mo ti débí. Màmá, owó ilé àti owó iná tí mo fi ń mú yàrá móoru ló ń jẹ gbogbo rẹ̀ tán, èyí tó kù ni mo ń fi ránṣẹ́.

Gáréèjì tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi jẹ́ bàbá arúgbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀, èmi nìkan sì ni àlejò. Bí sípánà kan bá sọnù, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ gbogbo wa, ṣùgbọ́n àpò tèmi ni ojú wọn máa kọ́kọ́ lọ. Mi ò lè bínú sí wọn. Mo mọ ilé tí mo ti kọ́kọ́ rí irú ìwò bẹ́ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ kan wọlé sí gáréèjì wa. Àkèré ni! Irú Àkèré yín gan-an ni, Bàbá: oníjókòó méjì, aláwọ̀ ewé, ọkọ̀ eré ìsáré tó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni fẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Irú èyí tí ẹ fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá sílé nígbà tí ẹ parí ẹ̀kọ́ yín níbí, tí àwọn ọmọdé Atikórí wò títí, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Àkèré.

Ọ̀gá mi ní rédíétọ̀ rẹ̀ ń jò, kí n tú u. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Mo ṣí ìdérí rédíétọ̀, mo gbé báàfù sábẹ́ rẹ̀, mo sì jẹ́ kí omi rẹ̀ ro tán láti ìsàlẹ̀. Mo tú kílíìpù róbà òkè àti ti ìsàlẹ̀, mo ń rọra yí róbà náà títí tó fi bọ́. Mi ò fà á, torí pé ọrùn idẹ àtijọ́ kì í pẹ́ tẹ̀. Mo ki páálí sáàárín fáànù àti rédíétọ̀ kí abẹ fáànù má baà ha á lára. Mo tú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè tààrà. Lẹ́yìn náà ni mo dá bóòtù kọ̀ọ̀kan padà sínú ihò rẹ̀ kó má baà sọnù, mo sì fi àkísà di ẹnu róbà méjèèjì kí ìdọ̀tí má wọ̀ ọ́.

Mi ò mọ̀ pé Ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn mi. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí ọ̀dọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni. Ẹ̀yin, Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ orí sípánà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Ẹ dárí jì mí, gbogbo Atikórí ló mọ̀. Irọ́ ni mo pa.

Mísítà Tómáàsì ló kọ́ mi. Ogun ló lé e kúrò ní Làìbéríà, tó fi bá ara rẹ̀ ní káńpù àwọn tí ogun lé ní Òrù. Nígbà tí wọ́n ti káńpù náà pa, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun kò lọ. Ó fẹ́ ọmọ Ìbíadé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì sí ẹ̀bá títì ní Òrù, ó ń sọ Ìjẹ̀bú bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ jù mí lọ. Òun nìkan ni ẹ gbà kó fọwọ́ kan Àkèré. Gbogbo ìgbà tó bá wá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, tí mo ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìyẹn, a jọ ń gbàdúrà ilé lórí fóònù bí a ṣe máa ń ṣe. Ẹ ní ẹ ti gbọ́ pé Tómáàsì kú ní Ìbíadé. Ẹ ní Ọlọ́run ti dá ẹjọ́ olè náà, kò sí ohun tó pamọ́ lójú Rẹ̀. Ẹ dúpẹ́. Màmá ṣe Àmín, Fúnmi ṣe Àmín. Èmi náà, nínú yàrá mi níbí, mo ṣe Àmín.

Bàbá mi, Tómáàsì kọ́ ló mú rédíétọ̀ Àkèré. Èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kì í ṣe pé mo fẹ́ fi gba ara mi sílẹ̀. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ojú yín ti ń ṣókùnkùn, ẹ ò sì gbà. Ẹ wá wò mí lọ́jọ́ kan, ẹ wa Àkèré sínú gọ́tà, díẹ̀ ló kù kí ẹ tẹ obìnrin alákàrà kan pa. Ẹ ní òun ló dúró sójú ọ̀nà. Rárá o, Bàbá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló wà. Màmá bẹ̀ yín títí, ẹ ò dá wọn lóhùn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń gbàdúrà nínú ilé ìdáná pé kí Ọlọ́run ba ọkọ̀ náà jẹ́ kó tó pa yín. Mo ní kí n bá Ọlọ́run ṣe é. Bí mo bá yọ bátìrì, ẹ máa ra òmíràn kó tó dọ̀la. Bí mo bá gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́, ẹ ní méjì mìíràn. Rédíétọ̀ Àkèré ni kò sí lọ́jà ibì kankan.

Ọjọ́ ìkórè ni mo tú u. Mo ní orí ń fọ́ mi, gbogbo yín sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣe é bí Tómáàsì ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́, mi ò fo nǹkan kan. Èrò mi ni pé ẹ máa lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, lẹ́yìn náà kí n dá a padà. Mo rò pé ẹ máa kígbe, ẹ máa bínú fún ọjọ́ méjì, ó parí.

Ẹ ti ìkórè dé, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ò tilẹ̀ kígbe. Ẹ fi ọwọ́ tálẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ kan bóòtù nínú ihò, ẹ kan àkísà lẹ́nu róbà. Ẹ wá bi wá pé olè wo ló ń dá bóòtù padà sí àyè rẹ̀. Ẹ ní jàgùdà á kàn fà á ya ni. Ẹni tó mọṣẹ́ ló ṣe èyí, ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọṣẹ́ Àkèré ní gbogbo agbègbè yìí. Iṣẹ́ mímọ́ tí ó kọ́ mi ni ẹ fi mú un. Tómáàsì tó ti ń bá wa jẹun láti ọjọ́ pípẹ́ tún di ará káńpù lójú ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tẹ̀ lé yín lọ sí Òrù. Èmi ni mo di apá yín mú nítorí ojú yín. Wọ́n da àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sí títì, wọ́n tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, wọn ò rí nǹkan kan, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ẹ ò ní kí wọ́n lù ú, Bàbá, mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ń búra, ó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ fún òun bí wọ́n ṣe tú u. Ẹ sọ fún un pé bóòtù wà nínú ihò, àkísà sì wà lẹ́nu róbà. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó mọ̀! Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ títí wọ́n fi fi irin ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ọwọ́ yẹn kò san dáadáa mọ́. Mẹkáníìkì tí kò lè di sípánà mú, kí ló fẹ́ jẹ? Ó kó ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Ìbíadé, ìyàwó sì ń yan ẹja láti fi bọ́ wọn. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, mo ní màá sọ ọ́ lóṣù yìí, omi ti wá pọ̀ ju ọkà lọ.

Ìyẹn kò sì tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ̀yin ọmọ Áńgílíkà pọ́ńbélé, tí ẹ máa ń fi àwọn aláṣọ funfun ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ lọ bá wòlíì wọn kan. Ó ní kí ẹ ka sáàmù ìdájọ́ lé ẹni tó mú un lórí fún àárọ̀ méje, pẹ̀lú omi àti àbẹ́là. Àárọ̀ méjèèje ni mo bá yín kúnlẹ̀ ní pálọ̀. Ẹ ní kí ẹni náà má rí ìsinmi. Àmín. Ẹ ní kí ó di alárìnkiri nílẹ̀ àjèjì. Àmín. Ẹ ní kí ilé rẹ̀ má mọ̀ ọ́n mọ́. Àmín. Orí mi ni ẹ ń gbé èpè náà lé, Bàbá, èmi sì ni Àmín mi ń dún jù, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Mi ò sọ pé èpè ló ń bá mi jà níbí. Òtútù kì í ṣe èpè, gbogbo wọn ló ń mú. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti Àìkú dé Àìkú, mo máa ń rántí ohun tí mo ṣe Àmín sí.

Kí n tó kọ lẹ́tà yìí, mo wá nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ẹ̀bùn, mo pè é, mo sì jẹ́wọ́. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n lu ọkọ òun gan-an ló ti sọ ọ́ fún òun, tó sì kìlọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ sọ fún ẹ̀dá kankan, torí pé ọmọ ọlọ́mọ ni mí, àwọn tó mú irin dání lọ́jọ́ yẹn lè pa mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun kò fẹ́ ẹkún mi. Ó ní Ẹ̀bùn, ọmọ wọn obìnrin, ti ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè báyìí, ọmọ olè ni àwọn ará Atikórí tó bá mọ̀ ọ́n ṣì ń pè é. Ó ní ẹnu tó pe ọkọ òun lólè ni kó wá síbi sàréè rẹ̀, kó wá pè é ní orúkọ rẹ̀. Ẹnu yín ló ń wí, Bàbá, kì í ṣe tèmi.

Ẹ lè ní kí n wá sọ ọ́ fúnra mi. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Bí mo bá fi ibí sílẹ̀, mi ò lè padà mọ́. Mo máa wá, bó bá gbà kí n má padà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí Ìyá Ẹ̀bùn tún dúró dè mí.

Mi ò ta rédíétọ̀ náà. Ó wà nílé. Ẹ gbé àkàbà sí pálọ̀, ẹ ṣí pátákó àjà tó wà lókè àga yín, ẹ máa bá a nínú àpò sìmẹ́ńtì. Òkè orí wa ló wà ní gbogbo àárọ̀ tí a fi kúnlẹ̀. Ojú yín ti ń ríran lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹ lè rí ọ̀nà Ìbíadé fúnra yín. Ẹ má dá a padà sínú Àkèré. Ẹ gbé e dání lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n rí i lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló tú u, ẹ dárúkọ mi, ẹ sì dárúkọ bàbá mi mọ́ ọn.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí yín sí kí ẹ lè débẹ̀. Kí Ó tu Màmá nínú. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ bá mi kí ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tí a jọ lọ sí Òrù lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, ẹ má pè mí sí àdúrà, ó di ìgbà tí ẹ bá ti Ìbíadé dé.

Bí ẹ bá ṣì gbà kí n pe ara mi bẹ́ẹ̀,
ọmọ yín,
Adéwálé