Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ Tó Bẹ̀rẹ̀ Láti Ogún

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Sìmẹ́ńtì ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà ti gbẹ. Ọ̀la ni ọ̀dà. Ìyá Rúlà — ọ̀gá mi, tí kì í fọwọ́ lásán fa ìlà — ní kí n kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ení dé ogún, kí àwọn ọmọ máa fò ó láti ilé ìwé dé ilé ìkàwé. Eré ni, ẹ̀kọ́ ni. Ní abúlé wa, pàṣán la fi kọ́ tiwa.

Ata Wẹẹrẹ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tún ń sunkún ìṣirò. "Bọ̀dá mi, kí ni ẹ̀ta ń wá nínú ẹ̀tàdínlógún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Oòrùn ń ta níwájú ilé ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ibòòji igi ilé ìkàwé, mò ń fẹ̀yìn rìn kí n má baà tẹ ọ̀dà tútù. Káfíńtà tó ń tú pákó etí ọ̀nà ní, "Àbúrò, ṣé ibẹ̀ ló yẹ kí ení wà?" Mo ní kó gbájú mọ́ pákó rẹ̀.

Ọjọ́rú

Ogún ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Yéè.

Ọjọ́bọ̀

Ìyá Rúlà dúró lórí ogún, ó wo ọ̀nà náà títí dé orí ení. Ó ní: "Olórí kunkun, ọmọ wo ló ń ti orí ogún bẹ̀rẹ̀ ìṣirò?" Ọ̀la ni Alága ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹlòmíràn ni yóò gbé iṣẹ́ ọ̀nà iwájú ilé ìwòsàn fún. Mo ní èmi ni kí ọ̀gá mi fà lé Alága lọ́wọ́. Ó ní, "Ta ló bi ọ́ léèrè? Èmi ni mo gbà ọ́ síṣẹ́."

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ọjọ́ Ẹtì

Àwọn ọmọ ò dúró de Alága! Ilé ìwé parí, wọ́n ya jáde. Ata Wẹẹrẹ gun orí ogún. Ó fò: "Ọ̀kan dín!" Ó tún fò: "Èjì dín!" Ó fò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró gbagidi — ó bojú wẹ̀yìn wò mí. "Bọ̀dá mi! Ẹ̀ta ló dín! Ohun tó ń wá níbẹ̀ nìyẹn!"

Ariwo ta. Gbogbo wọn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀rìnlá, wọ́n yí i padà: "Ẹ̀rin lé! Ẹ̀ta lé!" Alága dé, ó ká ṣòkòtò sókè, ó bá wọn fò láti orí ogún. Ó fo ẹ̀ẹ́dógún dá. "Bàbá, ẹ padà! Ẹ ti jẹ àrún dín!" Bàbá padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọ̀nà ilé ìwòsàn ti bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ìyá Rúlà ní láti ogójì ni. "Ṣùgbọ́n ibi tí mo bá nawọ́ sí lo máa ti bẹ̀rẹ̀ o!"

Mo ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ibòòji wà.