Ta Ló Ń Gun Ewúrẹ́ Mi?

Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá 2025
Mo ti ìsìn gba Alákijà lọ, sí àgbàlá Bàsíìtì. Ibẹ̀ ni Ewúrẹ́ ń gbé, torí òkè kẹta lèmi ń gbé ní Fẹ́sítààkì, kò sí ibi tí mo lè gbé máṣìnì sí, alùpùpù tí mo fi ń sáré ìje. Ewúrẹ́ ni mo sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ gbé mi fò lórí iyanrìn Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá. A fò dáadáa lónìí.
Mo tú fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn eré. Mo rì í bọ epo bẹntiróòlù, mo fún un, mo sá a, mo fi ọ́ìlì pa fóòmù rẹ̀, mo dá a padà. Bí bàbá mi ṣe ń fọ ti jẹnẹrétọ̀ nìyẹn, Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mi ò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án, Bàsíìtì pàápàá, tó jẹ́ mẹkáníìkì, tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì. Fílítà kì í purọ́. Ibi tí máṣìnì bá rìn dé, ó ń sọ ọ́.

Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá
Òjò. Kò sí eré. Mo kàn ní kí n yẹ Ewúrẹ́ wò.
Iyanrìn dúdú nísàlẹ̀ àpótí fílítà. Wínníwínní. Ọjọ́ méje gbáko ni mi ò gùn ún, mo sì fọ̀ ọ́ mọ́ kí n tó lọ.
Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà. Ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ Bàsíìtì.
Mo tún un fọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, epo tuntun.

Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá
Iyanrìn Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, funfun ni. Èyí dúdú. Á jẹ́ pé ti inú gọ́tà Alákijà ni — wọ́n ń gùn ún káàkiri àdúgbò.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá
Mo yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Bàsíìtì ò sí nílé. Toyibat, ìyàwó rẹ̀, ní ó lọ ra páàtì ní ọjà Trade Fair. Mo bi í pé kí ló gùn lọ. Ó rẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá Akin, bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ lọ o."
Lóòótọ́ Ewúrẹ́ wà lábẹ́ tapólì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló pa á lẹ́rìn-ín? Mo dọ́gbọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ níwájú táyà kí n tó kúrò. Ìfura loògùn àgbà.

Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá
Táyà ti kúrò lórí ìlà. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Mo ṣí fílítà — iyanrìn dúdú, ó tiẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ.
Bàsíìtì ní òjò ló ń rọ̀ sí i lára, lòun fi tì í sábẹ́ páànù. Àlàyé ti wà nílẹ̀. Ta ló ń yára ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ bí kò bá mọ nǹkan kan?
Ni mo bá là á mọ́lẹ̀ pé òun ló ń gun máṣìnì mi. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, níwájú ìyàwó rẹ̀, níwájú oníbàárà méjì. Mo ní kó fi Kùránì búra. Ó ní òun ò ní torí máṣìnì fọwọ́ lé ìwé Ọlọ́run. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà á.
Kò bú mi. Ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ mi jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo gun Ewúrẹ́ lọ sílé. Ó ń wúkọ́ lójú ọ̀nà.

Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá
Mo sọ fún Ọmọ́tóyọ̀sí àtàwọn yòókù tí a jọ ń fi máṣìnì sáré. Mẹ́ta nínú wọn lọ kó máṣìnì wọn kúrò lọ́dọ̀ Bàsíìtì kílẹ̀ tó ṣú. Ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí torí òótọ́ ni.

Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá
Gáréèjì Àǹtí Rosaline, aládùúgbò mi tó ń gbé nísàlẹ̀, ni wọ́n ní kí n gbé Ewúrẹ́ sí báyìí, ṣéènì lẹ́sẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn mi. Mo fọ fílítà lọ́jọ́ Ajé. Mo ṣí i lónìí.
Iyanrìn dúdú.
Mo ti ń wo Àǹtí Rosaline tìfura-tìfura. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí orúnkún ń dùn. Akínyẹmí, kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?

Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá
Mo mú fílítà lọ sí Trade Fair, kí n ra òmíràn. Lilian tó ń ta páàtì gbà á lọ́wọ́ mi, ó bi mí pé kí ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Mo ní epo. Ó fi ìka méjì tẹ fóòmù yẹn — ó rún, ó dà sórí tábìlì rẹ̀. Dúdú. Wínníwínní.
Ó ní iyanrìn kọ́. Ó ní epo ló ń jẹ ẹ́, ọṣẹ àti omi ni wọ́n fi ń fọ irú rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, mi ò gbọ́ ọ mọ́.
Kò sẹ́ni tó gun Ewúrẹ́. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń rún sí i. Ojú tì mí débi pé mi ò rántí gba fílítà tuntun tí mo ti sanwó rẹ̀.

Àìkú, 26 Oṣù Kẹwàá
Mi ò lọ sí ìsìn. Mo pe àwọn tí mo ba Bàsíìtì jẹ́ lójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní irọ́ ni mo pa. Ọ̀kan ní òun á padà. Àwọn méjì ní àwọn ti rí mẹkáníìkì míì.
Àgbàlá rẹ̀ ṣófo. Ẹgbẹ́ ni wá, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, Toyibat ń wò mí. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀, láti orí epo dórí Lilian. Ó fà mí dìde. Ó ní òun ti dárí jì mí tinútinú. Mo gbà á gbọ́. Wọ́n fún mi lómi, mo mu ún.
Ni mo bá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gbé Ewúrẹ́ padà wá, kí gbogbo ẹ̀ lè rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Akin, bí nǹkan kan bá tún bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ lọ́la, ta lo máa kọ́kọ́ fura sí?"
Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe òun. Mo kọ́kọ́ rò ó wò ná, ó sì rí i pé mò ń rò ó.