Ewé Inú Gíláàsì

Àkọ́bí mi,

Ìyá yín kú lọ́dún tó kọjá, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. O mọ̀ ọ́n, àmọ́ mo fẹ́ kí ìyàwó àbúrò rẹ, tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, kọ ọ́ sílẹ̀.

Ara mi le, wọ́n sì ń tọ́jú mi nílé àbúrò rẹ níbí. Ìyàwó yìí ra àwòrán ewé àtijọ́ tí wọ́n fi sínú férémù onígíláàsì, ó gbé wọn kọ́ yí ògiri yàrá mi ká, kí àárò oko má baà sọ mí. Wọ́n dára.

Mo ní, "Fọ́tò ìyá ọkọ rẹ dà?"

"Ó wà nínú àpótí, Bàbá. Kò bá ìyókù mu."

Ó gbé bírò sílẹ̀ níbí yìí. Mo ní kó kọ ọ́.

Bí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á tìlẹ̀kùn mọ́ mi kí n má baà sọnù, èmi tí n kò sọnù nínú igbó rí! Mo fẹ́ wálé. Àbúrò rẹ ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ohun tó sọ nígbà tó mú mi wá náà nìyẹn.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ìwọ ni kó o bá àbúrò rẹ sọ ọ́; èmi kò ní bẹ ọmọ tí mo bí mọ́.