Hẹlikọ́pítà Tó Ń Kọjú Sí Kóòtù

                                                  Ilé Aránṣọ,
                                                  Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Àtijọ́.
                                                  Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wá ibì kan jókòó sí. Àbúrò yín tí ẹ fi sílẹ̀ bí ẹni tí kò mọ okùn bàtà í so ti di awakọ̀ òfuurufú. Mo gbé hẹlikọ́pítà fò kọjá lórí òrùlé méje, àwọn ẹyẹ ń yà fún mi lọ́nà, mo sì di ojú méjèèjì, mo gbé e bà lé àtẹ́lẹwọ́ bàbá yín bí eṣinṣin ṣe ń bà lé ṣúgà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣì máa kà á débẹ̀.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù mẹ́jọ ni mò ń pè ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ara yín ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn, ṣé ẹni tí ẹ jọ ń gbé kì í han-an-run bíi tèmi? Ìyá mi ní kí n bi yín bóyá ẹ ṣì máa ń gbàgbé láti jẹun àárọ̀. Wọ́n ní bí ẹ bá parọ́, àwọn á mọ̀ láti ibí. Ara àwa náà le, àfi irun iwájú orí mi tí hẹlikọ́pítà yín fá. Ọ̀rọ̀ hẹlikọ́pítà náà ni mo fẹ́ sọ.

Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé báàgì yín jáde ni bàbá yín ti ti gbọ̀ngàn ìránṣọ pa. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ wà lábẹ́ ọ̀rá, àwọn ère aláìlórí tí a fi ń wọn aṣọ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, méje, a sì fi aṣọ funfun bo gbogbo wọn bí ẹni bo òkú. Orúkọ yín kò gbọdọ̀ wáyé nínú ilé. Bí ìyá mi bá ṣèèṣì dá a, bàbá yín á bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì wọn káàkiri, èyí tó wà lójú wọn.

Ẹ sì mọ̀ mí. Ibi tí wọ́n bá ní kí n má wọ̀, ẹsẹ̀ mi kan ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Lọ́jọ́ kan tí bàbá yín wọ yàrá lọ sùn, mo gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé. Ọ̀sán gangan ni, àsìkò tí òjìji ènìyàn máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rí hẹlikọ́pítà yín nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń kó bọ́tìnnì sí. Rìmóòtù kan péré ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ẹ lẹ téèpù pupa mọ́. Èkejì, ti olùkọ́, kò sí. Ẹ rántí pé ẹ sọ fún mi pé hẹlikọ́pítà náà máa ń gbọ́ràn sí méjèèjì lẹ́nu, bí a bá ti tẹ lẹ́tà kan náà, A tàbí B, lórí wọn. Mo ní ẹ ti gbé ti olùkọ́ lọ, mo sì gbà láti kọ́ ara mi.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ẹ kọ́ mi kí ẹ tó lọ ni mo gbá mú: ìrù rẹ̀ ni kó máa kọ sí mi, nítorí bó bá yí imú padà tó ń wò mí, ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún, ọwọ́ awakọ̀ á sì dàrú. “Má ṣe jẹ́ kó kọjú sí ọ,” lẹ wí. Nígbà yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwakọ̀ lásán ni.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo ti ọ̀pá òsì orí rìmóòtù sókè, ó fò bí àkùkọ tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára, ó kan àjà gbà-á, ó já lulẹ̀. Mo tún un gbé, ó kọlu ère kẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, èmi gan-an ló wá bá. Mo sá yí tábìlì ìgéṣọ ká nígbà igba, bí ẹni tí oyin ń lé, mo ń pariwo pé kó dúró, mo gbàgbé pé ọwọ́ mi ni rìmóòtù wà. Nígbà tí bátìrì rẹ̀ tán pátápátá, mo dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo gba fèrèsé jáde.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, bátìrì ti kún.

Mo ní bóyá kò tán tó bí mo ṣe rò. Lọ́jọ́ kẹta, mo mọ̀ọ́mọ̀ lò ó títí kò fi lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kún. Ẹ̀gbọ́n, waya tí a fi ń gba iná sí i lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ tó sì rìn kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ jù mí lọ. Bí mo bá ṣì í wà tó fẹ́ lọ gbá ògiri, á dúró lójú òfuurufú, á mì díẹ̀, á sì tún ara rẹ̀ ṣe, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn tí àgbà kan di apá rẹ̀ mú. Inú mi dùn ná. Mo gbà pé ẹ̀bùn ni mo ní, mo sì ti ń wá irú fìlà tí àwọn awakọ̀ òfuurufú máa ń dé.

Ọjọ́ kẹfà ni fìlà bọ́. Ó yí imú padà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wò mí. Mo tẹ ọ̀pá sọ́tùn-ún, kò dá mi lóhùn. Mo tẹ̀ ẹ́ sósì, bákan náà. Ó ré mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó lọ dúró níwájú ère keje tó wà ní ìkángun, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i láyà. Aṣọ funfun tó bo ère náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ó wú, ó fọn, ó wú, ó fọn, bí àyà ẹni tó sùn. Nígbà tó yá, ó rọra yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀.

Kóòtù ọkọ ìyàwó nì ló wà lábẹ́ rẹ̀, kóòtù tó lé yín nílé. Bàbá yín ní ẹ̀yin lẹ gé e bà jẹ́ nígbà tí ìgbéyàwó oníbàárà ku ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin ní ẹ kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ọwọ́ yín kò lè gé bébà. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, èjìká òsì sì kéré sí ti ọ̀tún, bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Hẹlikọ́pítà yín kọjú sí èjìká òsì yẹn, kò kúrò níbẹ̀.

Oòrùn ń mú bí iná lóde, eyín mi sì ń gbá ara wọn. Oṣù mẹ́jọ, n kò rí lẹ́tà yín, nọ́ńbà yín kò lọ. Ta ni yóò máa wa hẹlikọ́pítà yín, tí yóò sì wà á lọ síwájú kóòtù yẹn? Mo ní, áà, ẹ̀gbọ́n mi ti kú síbì kan tí a kò mọ̀, wọ́n sì ti padà wálé wá ro ẹjọ́ wọn.

Mo padà wọlé lọ́jọ́ kejì. N kò mọ bí a ṣe ń kí òkú tó wà nínú hẹlikọ́pítà, nítorí náà nígbà tó gòkè tán, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, rìmóòtù wà lábẹ́ àyà mi. Ó yẹ kó já lulẹ̀. Kò já.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àtijọ́,” mo wí. “Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ gòkè díẹ̀.”

Ó gòkè díẹ̀.

Mo gbé orí sókè. Mo ní, “Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ kò fọwọ́ kan kóòtù yẹn?”

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ń mì lójú kan. Ó wá gòkè sí i, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

Mo wá bi í ní èyí tó wà lọ́kàn mi gan-an. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti kú ni?”

Ó já lulẹ̀ bí òkúta.

N kò mọ bí mo ṣe jáde. Ìyá mi ní àwọn rí mi tí mo gba fèrèsé kọjá kí n tó ṣí i. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó dáa, ọjọ́ kan àti àbọ̀. Wọ́n ń fi aṣọ tútù nù mí lójú, wọ́n ń bú mi: “Kí lo lọ rí? Ẹnu tí í sọ aláǹgbá di ọ̀nì, òun ló wá yadi lónìí!” N kò lè sọ fún wọn. Bí mo bá fi ẹnu sọ pé ẹ ti kú, ó lè gbọ́ kó sì di òótọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo padà lọ. Ẹni tó bá sá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ta ni yóò sá bá? Mo gbé hẹlikọ́pítà sílẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn. Mo yọ bátìrì inú rìmóòtù mi, mo kó o sápò, mo sì na ọwọ́ méjèèjì sókè bí olè tí wọ́n mú. Mo dúró. Eṣinṣin kan ń kùn níbì kan. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó tún yí. Ó dìde.

N kò wò ó. Gbogbo ibi tó kù ni mo wò. Nínú yàrá gíláàsì tí bàbá yín ti máa ń ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́, lẹ́yìn eruku, mo rí iná pupa kan, tín-ín-tín, bí ojú ẹranko olójú kan. Ó ń gbọ̀n.

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Bàbá yín ló jókòó sórí àpótí kékeré tí ẹ máa ń jókòó lé bí ẹ bá ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, rìmóòtù olùkọ́ wà lórúnkún wọn.

“Ti ilẹ̀kùn,” ni wọ́n wí. “Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé.”

“Bàbá, ẹ kò sùn?”

“Ìwọ náà sùn? Àsọdùn, bí kì í bá ṣe ọlá mi, o ò bá ti fi imú nǹkan yìí lu gbogbo ògiri ilé yìí. Ọmọ tí kò lè gun kẹ̀kẹ́!”

Àṣé láti ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ ti lọ ni wọ́n ti ń wá síbẹ̀ lọ́sàn-án wá kọ́ bí a ṣe ń wà á, àwa sì rò pé wọ́n ń sùn. Èmi ni mo wá ká wọn mọ́bẹ̀. Ojú tì wọ́n láti jáde, nítorí náà wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ ara mi. Àgbà wà nínú gíláàsì, orí hẹlikọ́pítà kò wọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo wá ní, “Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ fi kóòtù yẹn dẹ́rù bà mí. Kí ló dé tí ẹ wà á lọ síbẹ̀?”

Wọ́n wò mí. “Èmi? Ìwọ kọ́ lo wà á lọ?”

“Èmi kọ́ o.”

“Mo rò pé o ti mọ̀ ni,” wọ́n wí, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. “Mo rò pé ìwọ lò ń fi hàn mí.”

Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ó ń gbọ̀n bí ewé. Wọ́n ní ó ti lé lọ́dún kan, wọn kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. “Ìrọ̀lẹ́ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ jáde ni mo gé e. Sísọ́ọ̀sì yà lọ́wọ́ mi. Mo sì ní òun ni.”

“Ẹ kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni?”

“Mo mọ̀. Bí mo ṣe ń pariwo lé e lórí gan-an, mo mọ̀.” Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. “Ọjọ́ tí o bi í bóyá ó ti kú, rìmóòtù bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi náà kò mọ ìdáhùn rẹ̀.”

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, wọ́n mú àpò ìwé kan jáde, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù kejì tí ẹ ti lọ. Wọn kò tíì ṣí i. Ẹ̀rù ohun tó wà nínú rẹ̀ ń bà wọ́n, àmọ́ àdírẹ́sì yín wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní, “Kọ̀wé sí i. Ọwọ́ tèmi kò lè mú bírò. Sọ fún un pé èmi ni mo gé e. Má fi tìrẹ kún un.”

Mo ti sọ ọ́. N kò fi tèmi kún un.

Ẹ̀gbọ́n, ìyókù wà lọ́wọ́ yín. Bóyá rìmóòtù méjèèjì ló ń bá ara wọn jà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yẹn lọ bá kóòtù. Mo fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tó darí rẹ̀ síbẹ̀, bàbá yín sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí bóyá àwọn onílẹ́tà ti kọjá, kí n tó kọ lẹ́tà tán. Ẹ kọ ìlà kan péré. Bó jẹ́ èébú ni, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́, kí a lè mọ̀ pé ẹ ní ọwọ́. Ẹ bá mi kí ẹnikẹ́ni tó bá gbé lẹ́tà yìí lé yín lọ́wọ́.

Ó ku ìjẹ́wọ́ mi. Òrùlé méje tí mo ní mo fò kọjá, ère méje ni, wọn kò tilẹ̀ lórí. Kò sí ẹyẹ; eṣinṣin kan ni, kò sì yà fún ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́ ni mo dijú, ẹ̀rù ló bà mí. Nítorí èmi kọ́ ni mo wà á. Bàbá yín ló wà á lánàá, pẹ̀lú ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n, kọjá lórí gbogbo ère yẹn láìfara kan ọ̀kan, àtẹ́lẹwọ́ tó sì bà lé, tèmi ni. Nígbà tí mo lajú, kò kọjú sí mi, kò kọjú sí kóòtù. Ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí.

                                                  Èmi ni àbúrò yín tó ń retí ìlà kan,
                                                  Àsọdùn.