Ojúlé Tí Mo Gbàgbé Láti Kọ Sílẹ̀

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ọ̀run kì í ṣe Òṣòdì tí lẹ́tà ń dé, ṣùgbọ́n n kò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún.

Mo ti ríṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Ìkẹjà ni, yàrá kọ̀ǹpútà ni mo wà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n nítorí eruku, ẹ̀rín á pa yín tí ẹ bá rí mi láàárín wáyà. Ìjọba alágbádá ti dé, fóònù alágbèéká ti gba ìgboro, kọ̀ǹpútà náà sì ti dé ilé ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ wa ní Agége.

Ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní DNS ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́. Bí kọ̀ǹpútà kan bá ń wá òmíràn, òun ló máa bi, á sì júwe ojúlé rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá kọ pé kó tẹ́tí sí nìkan ló ń gbọ́. Wáyà méjì ló wọ inú rẹ̀, ọ̀kan láti ọ́fíìsì, ọ̀kan láti Agége. Mo kọ àdírẹ́sì ti ọ́fíìsì, mo gbàgbé ti Agége. Mo dán an wò lórí tábìlì tèmi, ó ṣiṣẹ́, mo bá dìde lọ jẹun.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Agége fi ń béèrè tí kò rí ìdáhùn. Ọkọ̀ ẹrù tò sínú oòrùn, nítorí kọ̀ǹpútà wọn kò lè tẹ ìwé ẹrù jáde. Ìyá Sàkíná, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń mójú tó ilé ìkẹ́rùsí náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ni gbogbo wọn dá lẹ́bi pé ó fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ. Ọ̀gá ní kó lọ rọ́kún nílé.

Kó tó lọ, ó wá bá mi. Ẹni tó lè bí mi lọ́mọ kúnlẹ̀, ó ń pè mí ní àǹtí, ó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun tún ohun tí òun bàjẹ́ ṣe. Bí mo ṣe ṣí ibi tí mo kọ àdírẹ́sì sí báyìí ni mo rí àṣìṣe mi. Mo fi ti Agége kún un, mo tún ẹ̀rọ náà tàn, ó dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Bàbá, mi ò sọ̀rọ̀. Wọn kò tíì gbà mí síṣẹ́ pátápátá, ẹ̀rù bà mí. Mo jẹ́ kó dúpẹ́ títí tó fi jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọlé tọ ọ̀gá, mo ní èmi ni. Wọ́n ti pe Ìyá Sàkíná padà. Ìdájọ́ tèmi, ó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ kí n tó gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Ṣé ẹ rántí ọdún tí wọ́n lé yín lẹ́nu iṣẹ́ ọdẹ nílé-iṣẹ́ oníbísíkíìtì, nítorí wọ́n bá géètì ẹ̀yìn ní ṣíṣí, tí olè sì ti wọlé? Ẹ gbà pé ẹ̀yin lẹ gbàgbé. Ẹ fọ aṣọ iṣẹ́ wọn, ẹ lọ̀ ọ́ kó tó di pé ẹ dá a padà. Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún yín lọ́jọ́ náà. Mo gba géètì ẹ̀yìn jáde lọ ra gúgúrú.

Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi bi mí rí? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Èmi ò purọ́, mo kàn dákẹ́ ni, ó sì ti bá mi. Ìgbà tí ẹ wà lórí ibùsùn àìsàn, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé tó bá dọ̀la, màá sọ fún yín.

Èmi ni mo ṣí géètì náà sílẹ̀, Bàbá. Ẹ dárí jì mí.

Ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín títí di òní.