Igi Tí Mo Kúnlẹ̀ Kí

Hwolshe, Jos.

Bàbá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé ara yín le? Gbogbo ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ìyàwó ọ̀ṣìngín ń kí yín! Oṣù kan péré nílé ọkọ, mo ti sanra. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá mi náà ti wálẹ̀, ó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Terminus.

Ní Sátidé, Akínladé ọkọ mi ní kí n wá kí ìyá òun tó ti kú. Mo rò pé sàréè tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ́ la ó bá. Kai! Igbó ni! Ilẹ̀ tí àwọn awakùsà gbẹ́ tì ni, tí wọ́n wá sọ di itẹ́ òkú kí igi lè tún hù níbẹ̀. Aṣọ funfun nìkan ni wọ́n fi ń sin òkú síbẹ̀, láìsí pósí, wọ́n á sì gbin igi lé e. Igi irúgbá tí wọ́n gbìn lé ìyá ọkọ mi ti ga jù mí lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, Mà." Ewé rẹ̀ ń mì lórí mi, n kò lè dìde.

Mo mú Bàbá mi lọ wò ó. Ó fọwọ́ kan igi náà, ó wá ní, "Ibí ni kí ẹ sin mí sí. Mángòrò ni kí ẹ gbìn lé mi."

Mo ní, "Ta ló fẹ́ jẹ mángòrò tó hù lórí bàbá ẹni?"

"Àwọn ọmọ rẹ. Wọn á tún máa gùn mí!"

Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní ṣe é láìsí àṣẹ yín, torí ẹ ti fi àyè sàréè òun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yín nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀yin méjèèjì sí, kó pẹ́ gan-an ká tó gbin mángòrò náà.

Ọmọ yín,
Mọ́tọ́lá